Fort Clinch, Fort De Soto àbí Fort Zachary Taylor: odi etíkun Florida wo ló bá yín mu?

"Ta ni wọ́n bá jà níbí?"

Màmá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ lórí odi Fort Clinch, ọwọ́ wọn lórí àgbá ńlá kan tó kọjú sí omi. Mo ní wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àgbá, wọ́n tún wo ògiri bíríkì tó yí wa ká. "Gbogbo wàhálà yìí?"

Gbogbo wàhálà yìí o. Odi mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wéra fún yín, kò sí èyí tí ọ̀tá kọlù rí nínú wọn. Ẹni tó bá ń lọ torí ìtàn ojú ogun, tó ń wá ihò ọta lára ògiri, owó epo rẹ̀ á ṣòfò. Ohun tó ń gbé èèyàn débẹ̀ ni pé odi àtijọ́ àti etíkun wà nínú ọgbà kan náà: ẹ lè fi òwúrọ̀ gbọ́ ìtàn, kí ẹ fi ọ̀sán wẹ̀. Orlando là ń gbé, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti ń ka ọ̀nà. A ti dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì ti dé Fort De Soto lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ẹni tí kò ní sùúrù láti kà á dópin, kó mú èyí lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ kéékèèké tàbí àgbà tí orúnkún ń dà láàmú, Fort De Soto. Bó bá jẹ́ odi gan-an lẹ fẹ́ rí, tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kan án, kí ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ sì tún jáde, Fort Clinch. Bó bá jẹ́ abẹ́ omi lẹ fẹ́ wò, tí àpò yín sì gbé e, Fort Zachary Taylor ní Key West. Àlàyé ló kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo odi

Fort Clinch ló wù mí jù, n kò sì ní fi bò. Erékùṣù Amelia ló wà, ní Fernandina Beach, níbi tí odò St. Marys ti pín Florida níyà pẹ̀lú Georgia. Kí ẹ tó dé odi, ẹ óò wakọ̀ gba abẹ́ igi óòkù ńláńlá tó ti fi ẹ̀ka kọ́ra wọn lórí ọ̀nà, ewé rẹ́súrẹ́sú rọ̀ sílẹ̀ lára wọn bí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Ọdún 1847 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, ọmọ ogun Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, gbà á láì ta ìbọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, wọ́n kó ẹrù wọn jáde kí ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dé. Àwọn ará Àríwá, ìyẹn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, wọlé, àwọn náà ò ta ìbọn. Wọ́n ń bá iṣẹ́ bíríkì lọ.

Ẹ sún mọ́ ògiri, ẹ óò rí i. Bíríkì tí wọ́n tò kí ogun tó dé, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí epo pupa tó ti dì. Èyí tí àwọn ará Àríwá kó wá lẹ́yìn náà pọ́n dúdú ju ti ìṣáájú lọ. Ibi tí àwọ̀ kan ti pàdé èkejì, ibẹ̀ ni odi ti yí ọwọ́ padà. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ fún ọmọdé tó báyìí. Ọmọbìnrin mi fi ìka tọ ìlà náà títí tó fi kan igun.

Wọn ò sì kọ́ ọ parí. Ní oṣù kẹrin 1862 kan náà, nítòsí Savannah ní Georgia, irú àgbá tuntun kan tí wọ́n gbẹ́ ihò ẹnu rẹ̀ yípo, tí ọta rẹ̀ ń yí bó ṣe ń lọ, dá ògiri odi bíríkì kan, Fort Pulaski, lu láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí. Láti ọjọ́ yẹn, odi bíríkì di nǹkan àná. Ẹ wá fojú inú wo birikilà tó ṣì ń tò ó ní Fort Clinch nígbà tí ìròyìn yẹn dé.

Igun márùn-ún ló ní. Inú rẹ̀ kún: ilé ìdáná, ilé ìwòsàn, ibi alágbẹ̀dẹ, àtìmọ́lé, yàrá àwọn sójà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ọkùnrin àti obìnrin máa ń wọ aṣọ ayé ìgbà náà, wọ́n á dáná, wọ́n á rọ irin, wọ́n á yin àgbá. Ẹ fi ọjọ́ yẹn lọ bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ di etí ọmọ. Èmi ò di tèmi, ó hó títí di alẹ́.

Ohun kan wà tí n kò lè fò. Orúkọ ta ni wọ́n fi sọ odi yìí? Ọ̀gágun Duncan Clinch. Ní oṣù keje ọdún 1816, òun ló kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ bá odi kan lẹ́bàá odò Apalachicola, ní ìwọ̀-oòrùn Florida. Àwọn èèyàn dúdú tó sá kúrò lóko ẹrú ló wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ. Ọkọ̀ ogun yin ọta gbígbóná kan, ó bọ́ sínú yàrá ẹ̀tù wọn, odi náà sì fọ́ yángá. Ó lé ní igba èèyàn tó kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n yọwọ́ kúrò lára àgbá.

Fort Zachary Taylor wá ń kọ́? Ìtàn tiẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gé. 1845 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú òkun gan-an ni wọ́n sì kọ́ ọ sí, afárá ló so ó mọ́ erékùṣù Key West. Lónìí orí ilẹ̀ lẹ óò bá a, torí pé yanrìn tí wọ́n gbẹ́ láti abẹ́ omi ni wọ́n fi kún àyíká rẹ̀. Ẹrú wà lára àwọn tó kọ́ ọ, àwọn àlejò láti Ireland àti Jámánì pẹ̀lú. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń pa wọ́n bí ìjì ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1861, Kápútéènì John Brannan yára kó àwọn sójà rẹ̀ wọ inú odi kí àwọn ará Gúúsù tó gbọ́n sí i, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì wà títí ogun fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Florida ti ya kúrò.

Alájà mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀rúndún yẹn parí, wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè gbé ìbọn tuntun sí i, wọ́n sì ri àwọn àgbá àtijọ́ mọ́ inú kọnkéré bí ẹni da òkúta sí ìpìlẹ̀. Nǹkan bí àádọ́rin ọdún kọjá. Ní 1968 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Howard England mú ṣọ́bìrì, òun àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ń hú àgbá jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkójọ àgbá ogun abẹ́lé tó wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n ń pè ní èyí tó pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ bi àwọn olùtọ́nà léèrè ilé ìyàgbẹ́ àwọn sójà náà: bí òkun bá kún, á wọlé, bó bá fà, á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Omi òkun ni wọ́n fi ń ṣán an. Inú àwọn ọmọ mi dùn sí èyí ju gbogbo àgbá lọ.

Fort De Soto, nítòsí St. Petersburg, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kọnkéré ni, kì í ṣe bíríkì, wọ́n po ìkarawun mọ́ ọn. Ìtorí ogun pẹ̀lú Spéìn ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ogun yẹn ti parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 1898. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1900, wọ́n fi sílẹ̀ ní 1923. Ohun tí ẹ óò rí ni àgbá mẹ́rin tí ẹnu wọn fẹ̀ tó ínǹṣì 12, tó kọjú sí sánmọ̀ bí odó ìyá oníyán. Kì í ṣe ara ọkọ̀ ọ̀tá ni wọ́n ń fì í sí. Òkè ni wọ́n ń ju ọta sí kó lè já lé orí ọkọ̀, níbi tí irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ gun àtẹ̀gùn dé orí òkè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, ẹ óò rí erékùṣù Egmont Key lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tán.

Omi àti yanrìn

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí, torí odi tó kéré jù ló ni etíkun tó dára jù.

North Beach ní Fort De Soto: yanrìn funfun tó dẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ọ̀sà kékeré tí kò jìn ju orúnkún lọ níbi tó pọ̀, omi tí kì í ru gùdù. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Leatherman, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fún etíkun Amẹ́ríkà ní máàkì lọ́dọọdún, gbé e sípò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 2005. Ọmọ ọdún mẹ́ta mi jókòó sínú omi yẹn láti aago mẹ́wàá di aago méjì, mi ò dìde lórí àga. Ẹyin òbí mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n tún ní apá kan tó jẹ́ ti àwọn tó ní ajá, kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí ń rìn lórí yanrìn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, àti ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé èèyàn lọ sí Egmont Key, níbi tí àwókù odi mìíràn, Fort Dade, ti ń wó sínú òkun díẹ̀díẹ̀.

Fort Clinch: Òkun Àtìláńtíìkì ni, ó ń ru, omi rẹ̀ kì í mọ́ gaara. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ á gbádùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wẹ̀ nítòsí ẹnu odò, níbi tí odò ti ń já sókun lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, ìṣàn ibẹ̀ lágbára. Ohun tí ẹ óò ṣe níbẹ̀ ni pé kí ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ máa wo ilẹ̀. Eyín ṣáàkì! Dúdú ni, torí pé ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ débi tó ti di òkúta. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń gbẹ́ ní ẹnu odò ń tú wọn jáde, òkun sì ń gbé wọn wá sí èbúté. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ẹ dé nígbà tí òkun bá fà, kí ẹ máa wo ìlà tí ìkarawun já sí, ohun dúdú tó ń dán, tó ní igun mẹ́ta. Ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tí ojú yín bá ti là tán, ẹ ò ní fẹ́ lọ sílé. Màmá rí mẹ́sàn-án. Wọ́n so wọ́n mọ́ etí ìró.

Fort Zachary Taylor: omi aláwọ̀ aró àti ewéko, tó mọ́ débi pé ẹ óò rí ẹsẹ̀ ara yín nínú rẹ̀. Wọ́n to òkúta ńláńlá sínú òkun láti bu ìgbì kù, àwọn ẹja aláràbarà sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Jígí tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi àti ọ̀pá ìmí rẹ̀, ẹ mú tiyín dání, ẹ ó fi dín owó kù. Ṣùgbọ́n yanrìn náà, kì í ṣe yanrìn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ọdún tí a kọ́kọ́ lọ, èmi akin, mo bọ́ bàtà, mo sáré wọ inú omi. Mi ò tíì gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí mo fi mọ̀ pé mo ti ṣìṣe, ẹsẹ̀ òsì mi ti ya. Ìyókù ọjọ́ yẹn, abẹ́ igi ni mo jókòó sí, mò ń wo ẹja tí àwọn ọmọ ń ṣàpèjúwe fún mi. Bàtà omi, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe sílípáàsì, èyí tí ń bo gbogbo ẹsẹ̀ ni. Abẹ́ igi náà kúkú tutù, ìbòòji tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ.

Ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ sì ni. Gbogbo aráyé ń rọ́ lọ sí Mallory Square láàárín ìlú láti wò ó, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ní etíkun odi yìí, ẹ óò wo oòrùn kan náà bó ṣe ń wọ̀ sínú omi, láì sí ariwo.

Owó, ọ̀nà, oorun

Ẹnu ọ̀nà kò lè pinnu fún yín, torí pé bíi dọ́là 6 fún ọkọ̀ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń fi lé e. Ní Fort Clinch, ẹ óò san dọ́là 2.50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọ inú odi fúnra rẹ̀. Ní Key West, sẹ́ǹtì 50 lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní Fort De Soto, odi jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ óò san owó afárá lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ra káàdì ọdọọdún ọgbà ìpínlẹ̀ Florida, dọ́là 120 fún ẹbí, lè fi wọ Fort Clinch àti Fort Zachary Taylor. Wọn ò gbà á ní Fort De Soto, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ Pinellas ló ni ín, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan na káàdì yẹn sí wọn lójú ọmọ rẹ̀, wọ́n dá a padà fún un tẹ̀rín tẹ̀rín.

Láti Orlando, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni Fort De Soto, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni Fort Clinch. Ẹ lè lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Key West, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń fò láti erékùṣù dé erékùṣù lórí afárá méjìlélógójì, èyí tó gùn jù nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méje. Ọ̀nà yẹn lẹ́wà. Bí ọkọ̀ méjì bá kọlura lórí rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí ẹ lè gbà. Ẹ gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ nìyẹn, òtẹ́ẹ̀lì Key West kì í sì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbà kí ẹ pàgọ́ sínú ọgbà odi náà. Níbẹ̀ ni dọ́là 6 ti ń di ẹgbẹ̀rún kan.

Ní àwọn méjì yòókù, ẹ lè pàgọ́. Àyè àgọ́ ti Fort De Soto lé ní 230, púpọ̀ nínú wọn wà létí omi gan-an. Ti Fort Clinch kò tó bẹ́ẹ̀, apá kan lábẹ́ igi lẹ́bàá odò, apá kan nítòsí òkun. Bí ẹ bá fẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà òtútù, ẹ tètè gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ẹ̀fọn ń bẹ ní méjèèjì. Oúnjẹ: ẹ sè é láti ilé. Mo gbé kúlà ìrẹsì àti ẹran díńdín lọ síbi gbogbo, kò sì sí ẹni tó bi mí.

Oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Ní 2024, ìjì Helene àti Milton ba etíkun agbègbè Fort De Soto jẹ́ gan-an, wọ́n sì ti ọgbà náà pa fún ìgbà kan. Ẹ wo ojúlé ọgbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá, ìjàpá òkun ń yé sí etíkun wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n fi igi àti okùn yí ká, ẹ má fẹsẹ̀ kọjá ibẹ̀.

Bí ẹ bá lọ sí Key West

Ẹ má tíì padà sílé. Láti Fort Zachary Taylor, kò ju ìrìn ọkọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí Higgs Beach. Ibojì wà níbẹ̀ létí omi. Ní 1860, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrú lọ sí Cuba: Wildfire, William àti Bogota. Ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìlélọ́gbọ̀n-lé-nírinwó, 1,432, ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Key West. Àwọn tó wà nínú Bogota, Ouidah ni wọ́n ti kó wọn, èbúté tí kò jìnnà sí Badagry wa. Láàárín oṣù mélòó kan, 295 ti kú, torí ohun tí ojú wọn ti rí lórí omi. Wọ́n sin wọ́n síbẹ̀. Àwọn tó yè, Liberia ni wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n gbàgbé ibojì náà títí di 2002, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n rí i.

Nígbà tí Màmá dé ibẹ̀, wọn ò béèrè ta ni wọ́n bá jà. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n ní kí n ka iye wọn fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó kí wọn ní "ẹ kú ìrìnàjò o."

Wọ́n ti sọ pé àwọn á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ká tún lọ. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá yẹn ni àwọn fẹ́ gùn, pé orúnkún àwọn ti rí odi tó.